Ẹ̀KỌ́ LÁRA ÀWỌN OBÌNRIN ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti owó orí tí wọ́n kọ̀ ní ọdún 1947. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Bí wọ́n bá ń ròyìn rẹ̀, a máa ń dà bí ẹni pé òun nìkan ló dojú ìjà kọ ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Obìnrin náà. Abẹ́òkúta ni a bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900. Ní 1914 ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ó sì wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé náà gbà. Ní 1919 ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà dé ní 1922, ó di olùkọ́. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ kó jọ, ti àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni. Kò sí ẹlẹ́kọ tàbí aláàdìrẹ níbẹ̀.

2. Ìwé kíkà. Ní 1944, obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Kékeré lọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní a, b, d. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀wé ti wá gbọ́ ohun tí ojú ọlọ́jà ń rí: nígbà ogun Hitler, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì wọn lójà. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba, wọ́n fi tó àwọn oníwèé-ìròyìn létí, ní 1945 gbígba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró. Bí ọlọ́jà ò bá sọ̀rọ̀, kí ni ọ̀mọ̀wé ì bá kọ? Bí ọ̀mọ̀wé ò bá sì kọ ọ́, ta ni ì bá gbọ́ igbe ọlọ́jà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní 1946 wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, ti gbogbo obìnrin. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé. Ìyáàfin Ransome-Kuti pa gáwùn òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí ojú má bàa ti ẹni tí kò ní gáwùn.

3. Owó orí. Láti 1918 ni obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó orí tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó pé ọdún 15 ti bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn agbowó-orí a tiẹ̀ máa tú aṣọ ọmọ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti dàgbà. Síbẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Aláké Adémọ́lá Kejì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi àṣẹ ìlú lé lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ní kí a yọ owó orí wọn, kí ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè níbẹ̀ san sí i, kí obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀.

4. Ìjà náà. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 jókòó síwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, orin ni wọ́n fi ń bá ọba wí. Ní oṣù kejìlá wọ́n tún padà lọ, wọn ò kúrò títí a fi dá àwọn tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìn-ín-ní 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀, a sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀. Òótọ́ ni pé Aláké padà sórí oyè ní òpin 1950, ṣùgbọ́n ìlú ti rí i pé obìnrin lè jókòó níbi tí a ti ń ná owó rẹ̀.

5. Ohun tó ṣẹ́ kù. Ìyáàfin yìí ń jà kí gbogbo obìnrin Nàìjíríà lè dìbò. Ọdún 1976 ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Àríwá tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní oṣù kejì 1977 àwọn sójà kọlu ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978 ló kú.

Ẹ̀yin ará, àwọn ìyá tó ń tẹ ìka dípò orúkọ ṣì wà láàárín wa. Kí ẹni tó mọ̀wé kọ́ ẹnì kan, kí ó sì fetí sílẹ̀ bó ti ń kọ́ ọ, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ohun tí yóò kọ́ olùkọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
(a) Kí ni ọlọ́jà mọ̀ tí ọ̀mọ̀wé kò mọ̀?
(b) Kí ló dé tí Ìyáàfin Ransome-Kuti fi pa gáwùn tì?
(d) Ta ni ìwọ lè kọ́ ní ìwé kíkà kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ tó dé?