Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Aboyún lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Anti-D

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Lára hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni àmì kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní D. Ẹni tí ó ní in ni Rh pósítífì; ẹni tí kò ní in ni Rh nẹ́gátífì. Ní ilẹ̀ Yorùbá àwọn tí kò ní in kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàì sí.

Bí obìnrin tí kò ní àmì D bá lóyún ọmọ tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, pàápàá ní ọjọ́ ìbí tàbí nígbà tí oyún bá bàjẹ́. Ara ìyá lè ka ẹ̀jẹ̀ náà sí àjèjì, kí ó sì pèsè ohun ìjà sí i, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ áńtíbọ́dì. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í pa àkọ́bí lára. Ṣùgbọ́n a máa gba inú ibi ọmọ kọjá sára àwọn àbúrò rẹ̀, a sì máa ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ibà pọ́njú líle tàbí ikú ni ó lè gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1968 ni wọ́n fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ tí ń dènà ewu yìí ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ní New York àti ní Liverpool. Anti-D gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn tọrẹ. Kì í jẹ́ kí ara ìyá kọ́ bí a ti ń bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Ní ilẹ̀ púpọ̀, 300 microgram ni wọ́n ń fún aboyún nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 28. Wọn a sì tún fún un lẹ́yìn ìbí, kí wákàtí 72 tó kọjá, bí ọmọ náà bá ní àmì D.

Níhìn-ín ni àṣìṣe ti ń wọlé. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wò lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò lè fi anti-D hàn. Ẹni tí kò gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ náà lè wí pé, "Ara obìnrin yìí ti kọ́ ìjà, abẹ́rẹ́ kò wúlò fún un mọ́." Wọn a sì fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ìbí dù ú. Nígbà náà ni ara rẹ̀ lè kọ́ ìjà ní tòótọ́, ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣu tí a rà lọ́jà àti iṣu tí a gbìn. Èyí tí a rà ń dín kù ni. Èyí tí a gbìn a máa ta, a sì máa pọ̀ sí i. Iṣu ọjà ni anti-D inú abẹ́rẹ́: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ó ń dín kù sí ìdajì. Nínú 300 ti ọ̀sẹ̀ 28, nǹkan bí 150 ni yóò kù ní ọ̀sẹ̀ 31, 75 ní ọ̀sẹ̀ 34, àti ìwọ̀n 19 péré ní ọ̀sẹ̀ 40. Síbẹ̀ àyẹ̀wò lè rí ìwọ̀nba díẹ̀ yìí. Iṣu oko ni èyí tí ara ìyá fúnra rẹ̀ pèsè.

Láti mọ agbára rẹ̀, àwọn aláyẹ̀wò a máa fi omi iyọ̀ là á ní ìlọ́po 2, 4, 8, 16, títí kì yóò fi hàn mọ́. Ti abẹ́rẹ́ kì í sábà kọjá 4. Bí ó bá dé 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó ń ga sí i láìsí abẹ́rẹ́ mìíràn, ó jọ pé ara ìyá ni ó pèsè rẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọmọ inú. Ṣùgbọ́n iye kékeré nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí iṣu oko pẹ̀lú a máa kéré ní ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe:

Ìkíní, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún aboyún ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 28, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ sínú káàdì aboyún, àti sára ìwé tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ìkẹta, bí kò bá dájú pé ara ìyá ni ó pèsè anti-D náà, kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ìbí dù ú. Àfikún abẹ́rẹ́ kì í sábà ṣe ìpalára; àìfúnni ni ó lè gba ẹ̀mí ọmọ.

Kò di ìgbà tí obìnrin bá kàwé púpọ̀ kí ó tó lè dáàbò bo àwọn ọmọ rẹ̀. Bí agbẹ̀bí bá sọ fún un pé wọ́n rí anti-D nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó na káàdì rẹ̀ sí i, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ bi í pé: "Ṣé ti abẹ́rẹ́ ni, tàbí ti ara mi?"