Ààtàn Ẹ̀yìnkùlé

Bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn là ń darí rẹ̀ sí. Ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn tí àwọn àgbà ń wí wà. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, háhá àgbàdo àti eérú ló ń lọ síbẹ̀, adìẹ a sì máa tàn án. Kò ní í pẹ́, ata àti elégédé á lalẹ̀ hù níbẹ̀, wọn á sì so ju èyí tí a fọwọ́ gbìn lọ. Ọ̀rá ló ba ààtàn jẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀rá ti gbòde, a ń da ìdọ̀tí gbogbo pọ̀ sínú àpò kan, a sì ń sanwó kí wọ́n bá wa gbé e jìnnà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni pàǹtí Èkó fi ń lọ sí òkìtì ààtàn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín gba àdúgbò kan. Ewé àti oúnjẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́, gáàsì methane ló sì ń mú jáde. Láàárín 100 ọdún, agbára gáàsì yìí láti mú ayé gbóná ju ti káábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po 25 ó lé. Èyí tó bá rí afẹ́fẹ́ dáadáa lẹ́yìnkùlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ajílẹ̀ ló ń dà.

Nítorí náà, ẹ ya ọ̀rá sọ́tọ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ń jò, kí ẹ lu ìdí àti ara rẹ̀ ní ihò. Ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé lè lo àpò gaàrí. Ewé gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá da abọ́ èèpo tútù kan sí i, ẹ fi abọ́ ewé gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta bò ó. (Ẹni tó ní ewúrẹ́ nílé, èèpo iṣu kò lè kù fún un, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ewúrẹ́ náà wúlò.) Ẹ má fi ẹran, ẹja, epo tàbí ìgbẹ́ ajá sí i, eku àti eṣinṣin ni wọn yóò pè wá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ máa rú u pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: bí omi bá ń ro, ewé gbígbẹ ló kù, bí ó bá gbẹ táútáú, ẹ wọ́n omi sí i. Òkìtì tó ga tó mítà kan lè gbóná kọjá 55°C láàárín, ẹ má jáyà. Ti inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni. Lásìkò òjò, ẹ dé e.

Ti àwọn tó ń gbá ewé jọ láàárọ̀ tí wọ́n ń finá sí i ńkọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kí ẹ tó bá wọn jà, ẹ kọ́kọ́ tọrọ ewé náà lọ́wọ́ wọn. Òun gan-an lẹ ń wá.

Bí oṣù mẹ́ta bá fi máa pé, yóò ti dúdú, yóò máa fọ́ lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ ni yóò sì máa rùn. Ẹ da abọ́ kan rẹ̀ mọ́ abọ́ iyẹ̀pẹ̀ méjì fún ata tàbí ẹ̀fọ́, kí ẹ má sì kó o jọ mọ́ ìdí igi rẹ̀.