Ìrànlọ́wọ́ Fún Ọmọ Tó Ń Kàwé Yunifásítì Nílé

Ní National Open University, tí ìjọba tún ṣí ní 2002, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA. Máàkì 30 nínú 100 ni. Ìdánwò gba 70. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá, 30 ti lọ.

Ọmọ tó jókòó ti fóònù lè máa kàwé. Ká má kàn rán an lọ sọ́jà. Ká yọ wákàtí kan fún un lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ká ra dátà fún un, bí a ti ń ra wàláà fún ọmọ ilé-kéú. Ká máa bi í pé TMA wo ló kù. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń há Kùránì sórí. Bẹ́ẹ̀ náà nìwé yìí. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́.