Egbò Kan Wà Tí A Kì Í Fẹ́ Kó Jinná Tán

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní Bàríga, ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ní Palmgrove láràárọ̀, ọ̀rọ̀ ojú àwọn òbí yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọjọ́ ń bọ̀ tí púpọ̀ nínú yín yóò di ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ sílé ìwòsàn ojú. Dókítà lè sọ fún yín pé àrùn méjì ló wà lójú kan ṣoṣo, pé cataract wà níbẹ̀, glaucoma náà wà níbẹ̀. Yóò ní iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan náà lòun fẹ́ fi tọ́jú méjèèjì, òun yóò sì fi òògùn kan kún un. Bí ẹ bá wá béèrè irú òògùn tó jẹ́, ẹ ó gbọ́ pé òògùn tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń mú òbí wọn padà sílé, tí wọ́n á ní àwọn ṣì fẹ́ lọ rò ó. Wọn kì í padà wá mọ́ títí ojú fi máa fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń kó wọn pọ̀, wọ́n á ní àgbà ló dé. Cataract ni kí dígí tó wà nínú ẹyinjú, èyí tó yẹ kó mọ́ gaara, di funfun tàbí kó ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà wọlé. Bí dókítà bá yọ ọ́ tó fi dígí àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, ìríran á padà. Glaucoma kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kan wà tó ń sun nínú ojú lọ́hùn-ún, ó yàtọ̀ sí omijé, ó sì ní ọ̀nà tóóró tó ń gbà jáde. Ẹni tó bá ti rí gọ́tà Bàríga tó dí lójò oṣù kẹfà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi ń wọlé tí kò ríbi jáde. Nínú ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní glaucoma, ìfúnpá á ga, á máa ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ lára, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dun èèyàn rárá. Èyí tó bá sì ti kú nínú iṣan náà, kò tíì sí dókítà tó lè jí i.

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, àwọn oníṣègùn ojú lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè wò, wọ́n lé ní 13,000. Nínú 100 afọ́jú tí wọ́n rí, cataract ló fọ́ ojú nǹkan bí 43, glaucoma sì fọ́ ojú nǹkan bí 17. Nínú 100 èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, bí 5 ló ní glaucoma, 94 nínú 100 àwọn tó ní in ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Ẹnìkan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ ni pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti tọ́jú cataract wọn, ó sún mọ́ ìdajì tó jẹ́ pé àwọn agúnjú ló fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà sẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè tí ilé ìwòsàn wà!

Trabeculectomy ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ glaucoma tí mò ń sọ. Ọdún 1968 ni Cairns, dókítà ojú kan ní Cambridge, gbé e jáde, òun ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń ṣe títí dòní. Wọ́n á la ihò kékeré kan sára funfun ojú, níbi tí ìpéǹpéjú òkè máa ń bò, kí omi inú lọ́hùn-ún lè gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú, kí ara sì máa fà á mu. Wọ́n lè yọ cataract níbi ìjókòó kan náà, kí aláìsàn má baà dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó má sì sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìṣòro ibẹ̀ rèé: ara ò mọ̀ pé ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ la ihò yẹn. Egbò ló kà á sí, á sì sáré dí i. Gbogbo egbò yòókù, àdúrà wa ni pé kó tètè jinná. Èyí nìkan la ń bẹ̀ pé kó má jinná tán, torí bó bá dí pátápátá, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ìfúnpá á tún gun òkè. Àwọn dókítà ti rí i tipẹ́ pé ara àwa aláwọ̀ dúdú máa ń yára hun àpá, ihò náà sì máa ń dí lójú wa ju lójú òyìnbó lọ. Bí wọ́n bá wá yọ cataract mọ́ ọn, ara ojú á tún bínú sí i, àpá á sì tún fẹ́ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ abẹ alápapọ̀ kì í fi í sábà mú ìfúnpá wálẹ̀ tó trabeculectomy tí wọ́n bá dá ṣe.

Níbẹ̀ ni òògùn yẹn ti wúlò. Mitomycin C ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Japan ló rí i lára kòkòrò àìfojúrí kan ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì ń fi wo jẹjẹrẹ. Ní 1983, Chen, dókítà ojú ní Taiwan, kọ̀wé nípa bí òun ṣe lò ó fún iṣẹ́ abẹ glaucoma. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí àwọn ohun tín-tìn-tín inú ara tó ń hun àpá máa bí sí i. Dókítà á rẹ kànìnkànìn kékeré sínú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n mílígíráàmù 0.2 sí 0.4 nínú mílílítà kan. Á tì í sábẹ́ awọ ojú fún bí ìṣẹ́jú 2 sí 4, á yọ ọ́, á fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó la ihò. Ó tán. Ìyá yín ò ní gbé e mì, wọn ò ní fà á sí iṣan rẹ̀, irun rẹ̀ ò sì ní re. Wọn kì í fẹ́ lò ó fún aboyún, ṣùgbọ́n ìyá yín ti kọjá ìyẹn.

Òògùn kejì tún wà, 5-fluorouracil, tí àwọn dókítà ń pè ní 5-FU. Wọ́n máa ń gún un lábẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú abẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, bí wọ́n bá rí i pé àpá ti fẹ́ máa dí ihò. Ní ti iṣẹ́ abẹ alápapọ̀, mitomycin ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí jọ yẹ̀ wò ní 2005, ìfúnpá ojú àwọn tí wọ́n lò ó fún wálẹ̀ sí i lẹ́yìn ọdún kan, títí kan àwọn tí wọ́n yọ cataract wọn pọ̀ mọ́ ọn.

Òògùn tó lágbára bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìfúnpá lè wálẹ̀ jù, omi lè máa jò lójú abẹ, awọ tó bo ihò sì lè fẹ́lẹ́ débi pé kòkòrò àrùn á ráyè gba ibẹ̀ wọlé, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tó ń dùn ún, tó ń ṣepin, tàbí tí ìríran rẹ̀ ṣàdédé ṣókùnkùn, ọjọ́ náà gan-an ni kó padà sọ́dọ̀ dókítà, ì báà jẹ́ ọdún kẹwàá. Mo mọ gbogbo ewu wọ̀nyí, síbẹ̀ mo gbà pé ìbẹ̀rù orúkọ òògùn yìí ti fọ́ ojú èèyàn ju òògùn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá yóò lò ó, ìwọ̀n tí yóò lò, àti ìdí tí kò bá ní lò ó. Dókítà gidi kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ tètè bá òbí yín sọ òótọ́ kan kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ: apá tí cataract bò lójú wọn ni yóò là. Èyí tí glaucoma ti jẹ kò ní padà. Ẹni tí kò bá gbọ́ èyí ṣáájú máa ń rò pé dókítà ló ba ojú òun jẹ́, inú á bí i, kò sì ní kán òògùn mọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ tiyín bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ara máa ń sapá jù láti dí ihò yẹn, ìgbà náà sì ni dókítà máa ń pè yín léraléra, bóyá láti tú okùn abẹ, bóyá láti gún 5-FU. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí ẹ lè wá. Láti Palmgrove sí Ìdí-Àràbà, níbi tí Guinness Eye Centre ti LUTH wà, kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kán òògùn fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí ojú náà, bó ti wù kí ó dàgbà tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kàn yín gan-an. Ohun tó bá ojú ti bá imú: ọmọ àti àbúrò ẹni tó ní glaucoma lè ní in ju ẹlòmíràn lọ. Bí Apollo, àrùn tó ń mú ojú pọ́n, bá sì mú yín, ẹ yé ra òògùn dexamethasone ní kẹ́mísìtì kí ẹ máa kán an fún oṣù mélòó kan láìbi dókítà, torí irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè gbé ìfúnpá ojú ga, kó sì dá glaucoma sílẹ̀ lójú ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún òbí yín pé glaucoma ló ń ṣe é, ẹ má dúró di 40 ọdún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá mú wọn lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀yin náà ẹ gba káàdì tiyín, kí wọ́n yẹ ojú yín wò.