Ibi tí Òǹkọ̀wé Tuntun Lè Jókòó Kọ̀wé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ni òǹkọ̀wé tuntun ń wá. Èmi rò pé ẹni tí yóò gbọ́ ọ ni ó ń wá jù. Ẹ wo I. B. Thomas ní Èkó. Láti 1929 di 1930 ni ó ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ìrísí lẹ́tà, bí ẹni pé obìnrin Èkó kan ni ó ń kọ ọ́. Ìtàn náà kò tí ì parí tí àwọn òǹkàwé fi ń kọ èsì. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni ìbá kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí kò ní ìwé ìròyìn tirẹ̀ ńkọ́? Ní 2010 ni Dókítà Wálé Òkédìran dá ilé àwọn òǹkọ̀wé, Ebedi, sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tí a bá yàn a máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsan owó ilé. Wọn a sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà ní ìwé kíkọ (iṣẹ́ tiwa gan-an nìyẹn). Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ nílé, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohun tí yóò kọ.