Olùkọ́ Wa Kú Láìtọ́jọ́

Ìbéèrè: Àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ fẹ́ dá owó jọ. Ṣé ká gbẹ́ ère rẹ̀ ni? (Láti Bódìjà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀, àdánù ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí ère dúró ná, ẹ kó ohun tó kọ́ yín jọ. Ẹ wo Pius Adésanmí, òǹkọ̀wé ọmọ Ìsánlú, tó gboyè M.A. ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1998, tó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Carleton, ní Kánádà, kí ó tó kú nínú bàálù tó já ní Ethiopia ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2019. Ọmọ ọdún 47 péré! Ní 2020, wọ́n tẹ àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé Who Owns the Problem? Ẹni tí kò wọ kíláàsì rẹ̀ rí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dòní. Ère wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ẹ lè ní olùkọ́ tiyín kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ìwé àkọsílẹ̀ yín ńkọ́? Àlàyé tí ẹ dà kọ lójú pátákó, àtúnṣe tó fi bírò pupa ṣe sí iṣẹ́ yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Àgbowó, kí wọ́n dì í pọ̀. Àwọn kan á sọ pé ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló nílò owó jù. Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn: ẹ kọ́kọ́ san owó iléèwé àwọn ọmọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù á tó ìwé náà ṣe.