Orúkọ Ọjà Lẹ́nu Olówò àti Lẹ́nu Oníbàárà

Nínú òwò Yorùbá àtijọ́, ẹnu ẹni tó ń ta ọjà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí páálí, ọ̀rá àti bébà ara ọjà ń ṣe lóde òní. Ìyá tó gbé igbá ẹ̀kọ kiri àdúgbò ní Ìlá Ọ̀ràngún kò nílò kí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ewé tó fi pọ́n ọn, nítorí ohùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń rà á sì mọ̀ láti inú ilé pé òun ló ń bọ̀, wọ́n mọ bí ẹ̀kọ rẹ̀ ṣe máa ń dì, wọ́n sì mọ ilé tí wọn yóò ti lọ bá a bí ó bá kan. Igbe tí olùtajà ń ké bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ìpolówó, àwọn àgbà sì ní ìpolówó ọjà ni agúnmu òwò. Agúnmu ni egbòogi tí a gún kúnná tí a ń fi ẹ̀kọ mu, èyí tó fi hàn pé oògùn tó ń mú ara òwò le ni wọ́n ka ìpolówó sí. Nígbà tí gàrí, èlùbọ́, òrúnlá àti ẹmu bá wá kúrò nínú igbá àti akèrègbè, tí wọ́n bọ́ sínú ọ̀rá àti ìgò, tí wọ́n sì dé Ìbàdàn, Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù láìsí ìyá tó ń polówó wọn, orúkọ tí a kọ sára wọn nìkan ló kù tó lè sọ̀rọ̀, ìdí sì nìyí tí yíyan orúkọ náà àti kíkọ ọ́ bó ṣe tọ́ fi di ọ̀ràn èrè àti àdánù fún ẹni tó ni ọjà.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a lò fún ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní búráǹdì kò tíì fìdí múlẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń kọ "àmì ìdánimọ̀ ọjà", ṣùgbọ́n àpólà náà mẹ́hẹ, nítorí "ẹni" ló fara pamọ́ sí àárín "ìdánimọ̀", dídá ènìyàn mọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ń tọ́ka sí, bí ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ káàdì ìdìbò. "Àmì ìdámọ̀" ló tọ́ sí ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì kò ju ohun tí ojú rí lọ. Ohun tí àwọn olùtajà fúnra wọn ń sọ gbòòrò jù bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní ọjà kan "lórúkọ", ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn ti ń fi orúkọ béèrè rẹ̀, wọ́n á ní "ojúlówó" ni, ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹni tó ni orúkọ náà ló ti jáde. "Ayédèrú" ni èyí tí a ṣe kí ó lè fara jọ ojúlówó, "gbàrọgùdù" sì ni èyí tí kò níláárí, yálà ó fara jọ nǹkan kan tàbí kò fara jọ ọ́. A sábà máa ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn ṣe pàtàkì, nítorí ọṣẹ ayédèrú lè fọ aṣọ mọ́ tónítóní, síbẹ̀ orúkọ olórúkọ ló jí.

Yorùbá ya àbísọ, èyí tí òbí fi sọ ọmọ, sọ́tọ̀ kúrò lára ìnagijẹ, èyí tí àwọn ará ìta fún ni nítorí ìwà tàbí ìṣe. Ọjà àti òwò náà ní méjèèjì, ìnagijẹ ló sì máa ń pẹ́ lẹ́nu jù. Àpẹẹrẹ kan tó lágbára wà nítòsí ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Ìlá wà, láàárín àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀jọ̀gbọ́n J. D. Y. Peel kọ̀wé nípa wọn ní 1983. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń ru aṣọ lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n ń tà á láwìn, ìyẹn ni pé ẹni tó rà á kò san owó lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ owó bá sì pé, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òun kò ní dìde àfi bí òun bá gba owó òun. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti yọ orúkọ náà, Òṣómàáló. Kò sí oníṣòwò kan tó jókòó yan orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, àwọn tó jẹ gbèsè ló fi pè wọ́n, ẹ̀gàn sì wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, tí wọ́n fi ń yangàn títí di òní. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn aṣọ tí a fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, tún fi ọ̀nà mìíràn hàn: orúkọ àwòrán ni àwọn olùrajà fi ń béèrè aṣọ, irú bí "Ìbàdàn dùn", tí a ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, nígbà tí orúkọ obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á kò sí lára aṣọ náà rárá.

Ní tòde òní, kò sí ibi tí agbára ẹnu oníbàárà lórí orúkọ ọjà ti hàn tó ara Omo. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ Unilever Nigeria báyìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1923 gẹ́gẹ́ bí Lever Brothers, ló ń ta ọṣẹ ìfọṣọ tó ń jẹ́ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà sọ gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́búlúbú di Omo, débi pé a lè rán ọmọdé ní "Omo" kí ó mú ti iléeṣẹ́ mìíràn wálé kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Máàgì ṣe bẹ́ẹ̀, Indomie ṣe bẹ́ẹ̀, makilíìnì tí ó wá láti ara Macleans náà sì ti di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọyín. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever Nigeria kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ náà jáwọ́, ẹnu oníbàárà kò jáwọ́. Ìyìn ńlá ni fún olówò pé orúkọ ọjà rẹ̀ di orúkọ gbogbogbò, ṣùgbọ́n ìyìn tí kì í wọ àpò ni, nítorí ẹni tó bá béèrè "Omo" kò tíì sọ ti ẹni tí òun fẹ́.

Ibi tí a ti ń rajà náà ti yí ìlò àwọn ọ̀rọ̀ kan padà láìfura. Ọ̀rọ̀ ìṣe "ná" ń ṣiṣẹ́ méjì: a ń ná owó, ìyẹn ni pé a ń mú un jáde lápò, a sì ń ná ọjà, ìyẹn ni pé a ń bá olùtajà dúnàádúrà lórí iye tí yóò gbà. Nígbà tí iléeṣẹ́ UAC ṣí ilé ìtajà Kingsway sí Marina ní Èkó ní 1948, tí a kọ iye owó sára ọjà, ìdúnàádúrà dópin nínú ilé ìtajà náà; Shoprite tí ó dé Èkó ní 2005 tẹ̀ lé ìlànà kan náà, Jumia sì gbé e sórí ayélujára ní 2012. Nírú ibẹ̀, a kì í ná ọjà mọ́, owó nìkan la ń ná. Èènì bá a lọ pẹ̀lú. Èènì ni ìwọ̀nba tí olùtajà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù kún ọjà lẹ́yìn tí a ti fẹnu kò lórí iye, inú rere rẹ̀ ló sì ń diwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀dínwó ni èyí tí a gé kúrò lára iye owó kí olùrajà tó san án. Gbàǹjo sì ni títa ọjà ní owó pọ́ọ́kú kí ó lè tètè tán. Àwọn tó ń túmọ̀ ìkéde ilé ìtajà sí Yorùbá sábà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí wọn yóò kọ "èènì" síbi tí ẹ̀dínwó ló yẹ, olùrajà yóò sì máa retí ohun tí a kò ní bù fún un.

"Oníbàárà" náà fẹ́ àlàyé. Nínú ọjà Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ń lọ ó ń bọ̀: olùtajà ń pe olùrajà ní oníbàárà mi, olùrajà náà ń pe olùtajà bẹ́ẹ̀, nítorí àjọṣe ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ilé ìtajà ńlá ti sọ ọ́ di ti olùrajà nìkan, kò sì sí ẹni tó lè pe ẹ̀rọ ìsanwó ní oníbàárà òun. Àwọn obìnrin tó ń fi àwòrán ọjà wọn sórí WhatsApp ló tún ń dá àṣà náà padà díẹ̀díẹ̀, nítorí a ń ná ọjà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n ń fi èènì ránṣẹ́, a sì ń kí wọn pé "ajé á wọ igbá" bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí igbá níwájú wọn; "pàtẹ" ni ọ̀rọ̀ tó bá ohun tí wọ́n ń ṣe mu jù, kò sì yẹ kí a tún máa wá òmíràn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sára pátákó gbọ́dọ̀ ṣọ́ àmì ohùn rẹ̀, nítorí báárà ni títọrọ owó kiri, oníbáárà sì ni alágbe, ìkíni tí a kò fi àmì sí sì lè di èébú lójú ẹni tó mọ̀wé kà.

Àmì ohùn yìí gan-an ni ibi tí àwọn oníṣòwò Ìgbómìnà ti nílò ìṣọ́ra jù lọ. ILA tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ lè jẹ́ Ìlá, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ràngún. Ó lè jẹ́ ilá tí a ń fi se ọbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilà tí a ń kọ sójú. Ó sì lè jẹ́ ìlà tí a fà sórí bébà. Bí ẹni tó ń gún ilá gbígbẹ ní Ìlá bá tẹ ILA ORANGUN sára ọ̀rá láìsí àmì kankan, ará ilé yóò mọ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wo àtẹ ìsọ̀ kan ní Peckham, yóò rò pé irú ilá kan ló ń jẹ́ Ọ̀ràngún. Èdè ti pèsè òrúnlá fún ilá tí a sá gbẹ tí a sì gún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ì bá sì ti yanjú gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ẹni tó ń rọ ẹmu sínú ìgò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ara ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn ni ẹmu ti ń wá, ògùrọ̀ sì ń wá láti ara igi ògùrọ̀ tó ń hù lẹ́bàá odò.

Ọṣẹ Dudu-Osun tí Tropical Naturals ń ṣe ní Èkó ni èyí tó yẹ kí olùkọ́ èdè wò fínnífínní. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó rí i lójú àtẹ lè rò pé odò tàbí ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ osùn tí a ń lọ̀ kun ara ni, ó sì wà lára àwọn èròjà ọṣẹ náà. Òfin gírámà kò gbà pé kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń yán. Ọṣẹ dúdú la ń wí, "dúdú osùn" tí a bá sì kà á bí a ṣe kọ ọ́ yóò túmọ̀ sí bí osùn ṣe dúdú tó, nígbà tí osùn pupa. Olùkọ́ lè fi tàdáwà pupa fa ìlà sí i lábẹ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò yóò yìn ín. Òfin Àmì Òwò ti 1965 kò fẹ́ràn kí a forúkọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ọjà ní tààrà sílẹ̀, tàbí orúkọ ibì kan, tàbí orúkọ ìdílé, àfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé ó ti ya ọjà ẹni náà sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé tòun nìkan ni "ọṣẹ dúdú", ṣùgbọ́n ẹ̀hun tí èdè kò tíì lò rí lè jẹ́ ti olówò kan ṣoṣo. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń gbé, lẹ́yìn náà a ó máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá.

Nítorí náà, "Ẹmu Ìlá" tàbí "Gàrí Ìgbómìnà" kò lè tètè gba ààbò òfin, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ọjà jẹ́, èkejì sì ń sọ ibi tó ti wá. Ọgbọ́n wà nínú òfin náà pẹ̀lú: Ìlá Ọ̀ràngún ní Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀ náà ní Ọ̀ràngún tirẹ̀, Ìgbómìnà sì nà dé Ọmù-Àrán, Òrò àti Àjàṣẹ́-Ìpo ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ta ni yóò wá gba orúkọ náà sọ́wọ́ òun nìkan? Ọ̀rọ̀ tí kò ṣàpèjúwe ọjà ló rọrùn láti dáàbò bò, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú oríkì àti ìtàn. Ògbó, àdá tí ìtàn sọ pé Odùduwà fún Ọ̀ràngún Ajagunnlà, tó sì mọ ọ̀nà títí tí a fi yọ Ìgbómìnà láti ara rẹ̀, lè dára lára páálí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé ààfin.

Ó ku ọ̀rọ̀ kékeré tó wà ní ẹ̀yìn ọ̀rá, níbi tí olùrajà máa ń yí i sí láti wá nọ́ńbà NAFDAC. Ìtọ́ni tó wà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìtumọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì máa pàṣẹ fún àgbà bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí: "Gbọ̀n dáadáa kí o tó mu", "Pa mọ́ kúrò ní àrọ́wọ́tó ọmọdé". Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní kóńgò kò ní bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn láéláé. "Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó mu ún" àti "Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó" ni yóò wí, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ni "Ẹ", àyè rẹ̀ kò wọ́n lára ọ̀rá tó kéré jù lọ.